Ilé La Ti Ń Kàwé Ròde

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí àwọn àgbà ṣe pa á nìyẹn, wọn kò sì yọ ìwé kíkà sílẹ̀. Bí a bá wo ọ̀pọ̀ ilé wa ní Agbonou, ní Togo níbí, lónìí, gbogbo ẹ̀ṣọ́ la ń dì fún ọmọ láàárọ̀: aṣọ ilé-ìwé tí a lọ̀ dáadáa, bàtà, báàgì, owó oúnjẹ. Ìwé kíkà nìkan la ń retí kó lọ bá lóde. Tíṣà ni yóò kọ́ ọ bí a ṣe ń kà á, tíṣà náà la tún fẹ́ kó gbin ìfẹ́ rẹ̀ sí i lọ́kàn. Ẹrù yẹn wúwo jù fún tíṣà tí ọmọ kún kíláàsì rẹ̀ fọ́fọ́. Ohun tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin òbí sọ ni pé ilé tó ń kàwé kò gba owó ńlá, kò sì dìgbà tí bàbá àti ìyá bá mọ̀wé. Ìwé kan tó dára, àkókò kan tí kì í yẹ̀, àti àgbà kan tí yóò jókòó tẹ́tí sí ọmọ, ó tán.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ń rò ó bóyá kí àwọn mú ọmọ kúrò ní ilé-ìwé pátápátá, kí wọ́n máa fi ìwé kọ́ ọ nílé bí àwọn ìdílé míṣọ́nnárì òyìnbó kan ti máa ń ṣe. Ní tèmi, n kò gbà wọ́n níyànjú bẹ́ẹ̀. Òfin ìpìlẹ̀ tí Togo lò láti 1992 títí di 2024 sọ ọ́ di dandan kí ọmọ máa lọ sí ilé-ìwé títí yóò fi pé ọdún 15, láti ọdún 2008 ni ìjọba sì ti fagi lé owó ilé-ìwé ní àwọn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Kí ọmọ máa lọ. Ṣùgbọ́n kí ilé má fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún ilé-ìwé nìkan. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà ti ilẹ̀kùn gbogbo ilé-ìwé Togo, ilé tó ti ń kàwé tẹ́lẹ̀ kàn ń bá tirẹ̀ lọ ni. Àwọn tó kù ń wojú ara wọn.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèǹgbè. Ní ilé kan tí mo mọ̀ nítòsí ojú irin àtijọ́, mo ti fojú ara mi rí òwe yìí. Ọmọbìnrin ilé náà wà ní kíláàsì CE2. Ìyá tó bí bàbá rẹ̀ kò mọ Á yàtọ̀ sí B. Bí wọ́n bá jẹun alẹ́ tán, ìyá á gbé àtẹ ẹ̀wà lé ẹsẹ̀, á máa ṣa òkúta kúrò nínú rẹ̀. Ọmọ á fa àpótí sún mọ́ ọn, á ṣí ìwé àlọ́ Yorùbá sábẹ́ iná, á máa kà á sókè. Ní alẹ́ ọjọ́ kan báyìí, ó ń kà á bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, àfi bó ṣe dé etí odò tó fi ohùn òkè sí ibi tí ohùn ìsàlẹ̀ yẹ kó wà. Ìyá kò gbójú sókè nínú ẹ̀wà rẹ̀.

"Ọkọ́ kẹ̀? Ọkọ́ tí a fi ń roko ni Ìjàpá wọ̀ kọjá odò?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ọkọ̀ ni. Mo ti rí i báyìí."

Ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà náà, ó kà á já gaara. Nígbà tí ojú ìwé parí, ìyá ní kó pa ìwé dé. "Wàyí o, sọ ọ́ fún mi bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí." Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó gbàgbé ibì kan, ìyá bi í léèrè ohun tí Ìjàpá sọ fún àna rẹ̀ kó tó wọkọ̀, ó rántí, ó fò padà lọ mú un wá. Kí wọ́n tó wọlé sùn, ìyá ti fi èdè Ifẹ̀ tiwa sọ irú àlọ́ kan náà bí òun ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá tirẹ̀, wọ́n sì ti jiyàn lórí èyí tó dùn jù.

Ẹ wo iṣẹ́ tí ìyá yìí ṣe láìmọ lẹ́tà kan. Ó tún ohùn ṣe. Ó mú kí ọmọ kà fún ẹni tó fẹ́ gbọ́, kì í ṣe fún máàkì. Ó mú kó padà sọ ohun tó kà. Nítorí náà, kí òbí tí kò lọ sí ilé-ìwé má ṣe tijú kúrò nídìí ìwé ọmọ rẹ̀. Ọmọ ló ní ojú tó ń rí lẹ́tà, àgbà ló ní etí tó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́.

Sísọ ìtàn padà yìí, àwọn tó kàwé lórí ìtọ́jú ọmọ ti gbé e gẹ̀gẹ̀ ní ìlú òyìnbó. Obìnrin Gẹ̀ẹ́sì kan, Charlotte Mason, tí wọ́n bí ní 1842 tó sì kú ní 1923, tẹ ìwé kan jáde ní 1886 lórí kíkọ́ ọmọ nílé. Ohun tó ń tẹnu mọ́ ni pé kí a fún ọmọ ní ìwé gidi tí ẹni tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà fi ọkàn kọ, kí ẹ̀kọ́ ọmọ kékeré má gùn jù ogún ìṣẹ́jú lọ, kí a kà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ọmọ sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ padà. Títí dòní ni àwọn òbí tó ń kọ́ ọmọ nílé ní Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà ń tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá dàgbà sídìí àlọ́ nílẹ̀ Ifẹ̀ yóò mọ̀ pé wọn ò ní láti kọ́ wa ní èyí. Àwa la jẹ́ kó já lulẹ̀ lọ́jọ́ tí tẹlifíṣọ̀n wọlé.

Ìbẹ̀rù tí mo máa ń gbọ́ jù ni ti èdè. Òbí á ní, "Faransé ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò CEPD, kí ni kí n fi Ifẹ̀ tàbí Yorùbá ṣe?" Ọ̀rọ̀ náà wúwo lóòótọ́, nítorí ọmọ Agbonou ń gbọ́ Ifẹ̀ nílé, Ewé lọ́jà, Faransé ní kíláàsì. Ṣùgbọ́n wọ́n ti dán ọ̀rọ̀ yìí wò ní Ilé-Ifẹ̀ tí àwọn baba ńlá wa ti wá. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ mú àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, wọ́n fi Yorùbá kọ́ wọn ní gbogbo iṣẹ́ fún odidi ọdún mẹ́fà, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì náà kò gbẹ́yìn, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí èdè. Wọ́n fi wọ́n wé àwọn tí wọ́n yí padà sí Gẹ̀ẹ́sì láti kíláàsì kẹrin. Àwọn tó fi Yorùbá kàwé ló ṣe dáadáa jù, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ọmọ tó ti mọ bí ìtàn ṣe ń lọ, tó mọ bí a ṣe ń béèrè ìdí ọ̀rọ̀, yóò gbé ọgbọ́n yẹn wọ inú Faransé. Nítorí náà ẹ má fi ọ̀kan lé èkejì jáde. Bí ẹ bá ka ti ilé ní alẹ́ kan, ẹ ka Faransé ní alẹ́ kejì.

Ìwé wo wá ni? Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń to lẹ́tà, Aláwíyé tí J. F. Ọdúnjọ kọ ṣì ń ṣiṣẹ́, àwọn tó ń lọ rajà ní Nàìjíríà sì lè bá yín rà á bọ̀. Ìwé ti wà ní èdè Ifẹ̀ náà, pàápàá láti ọwọ́ àwọn tó ń kọ́ àgbàlagbà ní mọ̀-ọ́n-kọ mọ̀-ọ́n-kà, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn. Kí ẹ kàn ṣàlàyé fún ọmọ pé p inú ìwé Yorùbá ni kp tó ń rí nínú orúkọ Atakpamé, yóò mọ̀ ọ́n kíá. Ìwé ìtàn Fágúnwà ńkọ́? Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti jáde láti 1938, n kò sì tíì rí ọmọ tí kì í la ẹnu sílẹ̀ bí wọ́n bá ń kà á fún un. Ṣùgbọ́n èdè rẹ̀ jinlẹ̀, àgbà tó mọ̀wé ni kó kà á sókè, ojú ewé méjì lálẹ́ kan, kó sì dúró níbi tó dùn jù. Bí ẹ bá ń wá bí ẹ ó ṣe mọ ìwé tó dára, ẹ wò ó bóyá ọmọ ní kí wọ́n tún un kà. Ìwé tí ìwàásù kún inú rẹ̀ láti òkè délẹ̀ kì í rí irú ìpè bẹ́ẹ̀, bó ti wù kí ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ dára tó.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọmọ ilẹ̀ wa kan. Tété-Michel Kpomassie, tí wọ́n bí ní Togo ní 1941, kò lọ jìnnà ní ilé-ìwé. Ó já bọ́ lórí igi àgbọn nígbà tó ṣì wà ní ọ̀dọ́, àìsàn dá a dúró sílé, wọ́n sì ti ń pète pé kó di àwòrò òrìṣà ejò. Ní ilé ìtàwé kan ní Lomé ló ti rí ìwé kan lórí àwọn ènìyàn Greenland, ilẹ̀ yìnyín tí ejò kò sí. Ó rà á, ó kà á, ó sì pinnu pé ibẹ̀ ni òun ń lọ. Ó fi ilé sílẹ̀ ní ọ̀dọ́, ó ń ṣiṣẹ́ láti ìlú dé ìlú, ó ń kọ́ ara rẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà, ó sì gúnlẹ̀ sí Greenland ní 1965. Ní 1981 ó tẹ ìwé tirẹ̀, L'Africain du Groenland, wọ́n sì ti túmọ̀ rẹ̀ sí èdè púpọ̀. Ọmọ yín tó ń múra ìdánwò BEPC lè kà á.

Ohun tó wọ̀ mí lára jù nínú ìtàn náà ni pé ìwé yẹn wà níbi tí ọwọ́ ọmọ tó o. Lọ́pọ̀ ilé tí mo wọ̀, ìwé tó dára ń bẹ, àmọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n tì í mọ́, kó má baà ya, kó má baà dọ̀tí, àlejò nìkan ló ń rí i. Ẹ gbé e sọ̀ kalẹ̀. Bí epo bá kan ojú ewé rẹ̀, ẹnìkan ló kà á.

Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ogún ìṣẹ́jú lálẹ́ ti tó, bí kò bá ti yẹ̀. Àmọ́ nígbà tí iṣu ń jáde lóko, tí gbogbo ilé ń darí dé ní òru, ẹ fi í sílẹ̀ láìbínú, kí ẹ sì padà sí i nígbà tí iṣẹ́ bá rọlẹ̀. Bàbá tó ń wakọ̀ láàárín Lomé àti Kara kò lè jókòó lálẹ́, ṣùgbọ́n ọmọ lè ka ojú ewé kan sórí WhatsApp kó fi ránṣẹ́ sí i, kí bàbá gbọ́ ọ níbi tó bá dúró sí, kó sì dá a lóhùn pẹ̀lú ìbéèrè kan. Mo ti rí i tí wọ́n ṣe é, ọmọ náà kì í jẹ́ kí wọ́n gbàgbé.

Nǹkan kan wà tí mo bẹ̀ yín kí ẹ má ṣe: ẹ má fi ìwé jẹ ọmọ níyà. "O bínú sí àbúrò rẹ, lọ jókòó síbẹ̀ yẹn kí o kàwé!" Ìwé ti di pàṣán lójú irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ẹni tó bá ń ṣì í kà, ẹ má lù ú, ẹ ní kó tún un kà.

Bí ó bá di ọjọ́ àìkú tàbí ìsinmi, ẹ kó àwọn ọmọ jáde. Kamina kò jìnnà sí Agbonou. Ibẹ̀ ni àwọn Jámánì kọ́ ilé iṣẹ́ rédíò ńlá sí, tó ń bá Nauen sọ̀rọ̀ ní Jámánì, ọ̀nà tó lé ní 5,000 kìlómítà, kí àwọn fúnra wọn tó wó o lulẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1914, nígbà tí ogun ká wọn mọ́. Àwókù rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ ka ohun tí ìwé ìtàn ilé-ìwé wí nípa ogun náà, kí ẹ tó lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan irin àwókù náà. Kí wọ́n bi àwọn àgbà ibẹ̀ léèrè ohun tí baba wọn sọ, kí wọ́n kọ ọ́ sínú kàyé nígbà tí wọ́n bá délé. Ìwé tí ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ báyìí náà, ẹ kà á lálẹ́ bí ẹ ti ń ka àwọn tó kù.

Fún ọmọ tó ti kúrò ní ilé-ìwé nítorí àìlera tàbí àìrówó, ọ̀nà kò tíì dí. Ẹni tí kò sí lábẹ́ ilé-ìwé kankan lè forúkọ sílẹ̀ fún BEPC tàbí BAC gẹ́gẹ́ bíi candidat libre, ìwé tó ń kà nílé ló sì máa gbé e débẹ̀.

Owó ìwé ló kù. Ilé kan kì í sábà lè ra ìwé mẹ́wàá, ṣùgbọ́n ilé márùn-ún ní àdúgbò kan lè ra méjì méjì, kí wọ́n máa pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ ra kàyé kan, ẹ fi ṣe ìwé àkọsílẹ̀: orúkọ ìwé, ẹni tó yá a, ọjọ́ tó mú un lọ, ọjọ́ tó dá a padà. Ọmọ àkọ́kọ́ tó bá mọ bí a ṣe ń kọ orúkọ gbogbo yín láìṣàṣìṣe, òun ni kí ẹ fi ṣe akọ̀wé.