Ẹ Dá Ohun Tí Wọ́n Yọ Padà Kí Ìbọn Náà Tó Kúrò Lọ́wọ́ Yín

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń gbé ní Amẹ́ríkà, tí òfin ibẹ̀ sì gbà yín láyè láti ní ìbọn nílé, ẹ̀yin ni ìkìlọ̀ yìí wà fún. Ó kan ẹni tó bá ní ìbọn ìléwọ́ Browning Hi-Power àtijọ́ nínú àpótí irin jù lọ, tó sì ń gbèrò láti gbé e lọ fún oníṣòwò ìbọn kó fi gba òmíràn. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó gbé e jáde, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ iṣẹ́ ìbọn tú u wò. Ó ṣeé ṣe kí páàtì kékeré kan ti kúrò nínú rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, kí ìbọn náà sì máa ró geerege bí ẹni pé ohunkóhun kò dín nínú rẹ̀. Ríró tó ń ró geerege yẹn gan-an ló ń fi ewu rẹ̀ pamọ́.

John Browning, ọmọ Amẹ́ríkà tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ ṣe ìbọn, ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí Hi-Power fún iléeṣẹ́ FN ní ìlú Herstal, lórílẹ̀-èdè Belgium. Ó kú ní 1926 kí iṣẹ́ náà tó délẹ̀. Dieudonné Saive, tí àwọn méjèèjì jọ ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ náà, ló parí rẹ̀, ìbọn náà sì jáde ní 1935. Ọta 13 ni mágásíìnì rẹ̀ ń gbà, ìyẹn àpò irin tí a ń to ọta sí nínú ìdìmú ìbọn, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìbọn ìléwọ́ ayé ìgbà náà ń gba méje tàbí mẹ́jọ. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ará Jámánì gba iléeṣẹ́ Herstal, wọ́n sì ń ṣe é fún ọmọ ogun tiwọn. Iléeṣẹ́ Inglis ní Toronto, ní Kánádà, náà ń ṣe é fún àwọn tó ń bá Jámánì jà. Lẹ́yìn ogun, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ológun Nàìjíríà náà sì lò ó. Láti nǹkan bí 2018 ni wọ́n ti dáwọ́ ṣíṣe Hi-Power àkọ́kọ́ yìí dúró. Nítorí náà, èyí tí ẹ bá rí lọ́jà lónìí lè ti kọjá lọ́wọ́ ẹni méjì, ẹni mẹ́ta, kò sì sí ẹni tó lè ṣírò gbogbo ohun tí ọwọ́ àwọn tó ti ni ín tẹ́lẹ̀ ti ṣe nínú rẹ̀.

Ohun tí wọ́n sábà máa ń yọ ni mo ń bọ̀ sí. Àwọn ológun Faransé ló kọ́kọ́ béèrè fún irú ìbọn yìí, ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n sì là kalẹ̀ ni pé kò gbọdọ̀ lè ró bí mágásíìnì kò bá sí nínú rẹ̀. FN wá fi irin kékeré kan àti sípíríǹgì rẹ̀ sí ibi apátí, ibi tí a ń fi ìka fà. Bí mágásíìnì bá wọlé, á ti irin náà, apátí á sì so mọ́ ohun tó ń já òòlù ìbọn sílẹ̀. Bí a bá yọ mágásíìnì, ìsopọ̀ náà á já. Ẹ lè fa apátí títí ilẹ̀ á fi ṣú, òòlù kò ní í ṣubú.

Ṣùgbọ́n irin yìí máa ń ha mágásíìnì lára. Ó ń jẹ́ kí apátí wúwo, kí fífà rẹ̀ sì máa ta kókó. Kì í sì í jẹ́ kí mágásíìnì jábọ́ fúnra rẹ̀ bí a bá tẹ bọ́tìnì rẹ̀. Àwọn tó ń fi ìbọn díje lórí pápá kórìíra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ló yọ ọ́, tí wọ́n sọ ọ́ sínú dúrọ́ọ̀ kan, tí ìfà ìbọn wọn sì wá rọrùn bí wọ́n ṣe fẹ́. N kò dá ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe lẹ́bi fún ìbọn tó jẹ́ tirẹ̀. Ìgbà tó bá tà á, tàbí tó kú tí àwọn ọmọ rẹ̀ tà á, ni ọ̀rọ̀ ń bàjẹ́, nítorí kò sí àmì kankan lára ìbọn náà níta tó máa sọ fún ẹni tó rà á pé páàtì náà kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ẹ wo bí ikú ṣe ń ti ibẹ̀ wọlé. Ẹnì kan fẹ́ nu ìbọn rẹ̀, ó sì ṣe é lódìlódì: ó fa irin òkè, èyí tó bo ọ̀pá ìbọn lórí, sẹ́yìn kó tó yọ mágásíìnì. Ó rí ọta tó fò jáde, kò rí èyí tó gòkè láti inú mágásíìnì wá rọ́pò rẹ̀ nínú ọ̀pá ìbọn. Lẹ́yìn náà ló wá yọ mágásíìnì, ó gbé e sórí tábìlì, ó ní ìbọn ti ṣófo. Ó fa apátí. Bí irin kékeré yẹn bá wà níbẹ̀ tó sì ń ṣiṣẹ́, kò ní í sí nǹkan kan. Bí kò bá sí níbẹ̀, ọta á jáde lọ síbi tí ẹnu ìbọn bá dojú kọ, ì báà jẹ́ itan òun fúnra rẹ̀, ì báà jẹ́ ògiri yàrá tí ọmọ ń sùn sí. Ọta 9 mm kì í bọ̀wọ̀ fún irú ògiri fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń kọ́lé ní Amẹ́ríkà. Á là á kọjá.

Ẹni tó gba ìbọn lọ́wọ́ yín sì lè ti lo Hi-Power rí níṣẹ́ ológun, tàbí kó ti ka ìwé tí iléeṣẹ́ kọ mọ́ ọn, kó sì dá a lójú pé kì í ró láìsí mágásíìnì. Ohun tó mọ̀ kò ṣì í. Ìbọn tí ẹ gbé lé e lọ́wọ́ ni kò rí bó ṣe mọ̀ ọ́n mọ́, ẹ kò sì sọ fún un. Ẹni tó mọ̀ tó dákẹ́ nítorí kí iye owó má bàa wálẹ̀ ti fi ẹ̀mí ẹlòmíì dá ọjà.

Àwọn àgbà ní ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ní jẹ́ jẹ́ kí a kọ ọ́ sí òun? Ẹ má sọ pé mo ní kí ẹnikẹ́ni gbẹ́kẹ̀ lé irin kékeré. Bó wà níbẹ̀, bí kò sí níbẹ̀, a kì í kọ ẹnu ìbọn sí ohun tí a kò fẹ́ pa, a kì í sì í fi ìka kan apátí títí a ó fi ṣe tán láti yìn ín. Ṣùgbọ́n ènìyàn ń gbàgbé, ó ń rẹ ènìyàn, ọmọdé sì ń wọ yàrá tí kò yẹ kó wọ̀. Nítorí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fi í síbẹ̀.

Ohun kan wà tó ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú. SA-35 tí Springfield Armory gbé jáde ní 2021, àti High Power tuntun tí FN fúnra rẹ̀ gbé jáde ní 2022, jọ ìbọn àtijọ́ yìí gan-an lójú, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì kò ní irin náà láti iléeṣẹ́ wá. Kò sí ohun tí ẹ ó dá padà nínú wọn. Ẹ mọ èyí tó wà lọ́wọ́ yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá páàtì kiri.

Bó bá jẹ́ ti àtijọ́ tí páàtì náà kò sì sí níbẹ̀, alágbẹ̀dẹ ìbọn ni kí ẹ gbé e fún. Ẹ má ṣe é lórí tábìlì ìdáná, ẹ má sì fi fídíò orí fóònù ṣe olùkọ́. Páàtì tí wọ́n ń tà láti ara ìbọn tí wọ́n tú palẹ̀ kì í fìgbà gbogbo bá tiyín mu, nítorí ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ṣe ìbọn yìí, ní ibi tó ju ọ̀kan lọ, wọ́n sì ń yí nǹkan padà nínú rẹ̀ bí ọdún ti ń gorí ọdún. Irin tí kò jókòó dáadáa lè há, kí apátí má padà sáyè rẹ̀, tàbí kó dà bíi pé ó ń ṣiṣẹ́ lónìí kó sì kọ̀ lọ́la. Èyí burú ju àìsí rẹ̀ lọ, nítorí pé ẹni tó gbà á á wò ó pé ó pé. Ẹ pe ṣọ́ọ̀bù náà kí ẹ tó lọ. Nílé, ẹ yọ mágásíìnì ná, lẹ́yìn náà kí ẹ fa irin òkè sẹ́yìn, kí ẹ fi ojú wo inú ọ̀pá ìbọn, kí ẹ tún fi ìka kàn án. Inú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́ ni kí ìbọn wà. Ẹ má gbé ọta mọ́ ọn.

Ẹ ní kí alágbẹ̀dẹ náà dán an wò lójú yín pẹ̀lú ìbọn tó ṣófo: mágásíìnì jáde, apátí kò ṣiṣẹ́, mágásíìnì wọlé, ó ṣiṣẹ́. Ẹ kò gbọdọ̀ fi ọta gidi ṣe irú ìdánwò yìí láéláé. Bó bá ti tú u, ẹ ní kó wo àwọn sípíríǹgì yòókù àti abẹ́rẹ́ tó ń lu ìdí ọta. Kí ẹ sì gba ìwé owó tó kọ ohun tó ṣe sí. Pátákó ìdìmú tó sọnù tàbí ṣíkúrù tó pá lórí, ìyẹn ọ̀rọ̀ owó lásán ni; ẹ lè tà á bẹ́ẹ̀ kí ẹ sì gba owó tó kéré. Bó bá sì jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe ní Herstal lábẹ́ àwọn ará Jámánì, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú un dán tàbí kùn ún, nítorí ara rẹ̀ bó ṣe wà ni àwọn olùkó-nǹkan-àtijọ́-jọ ń san owó lé lórí.

Bí ẹ kò bá lè tún un ṣe, èrò tèmi ni pé kí ẹ má fi í fún ẹnì kan lásán. Ẹ gbé e fún oníṣòwò tó ní láísẹ́ǹsì, ẹ sọ ohun tó dín nínú rẹ̀ fún un, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ sórí ìwé.

Nípa òfin, láti 1968 ni òfin ìbọn ìjọba àpapọ̀ ti sọ pé ẹni tí kì í ṣe oníṣòwò kò gbọdọ̀ ta ìbọn ìléwọ́ fún ará ìpínlẹ̀ mìíràn láìgba ọ̀dọ̀ oníṣòwò tó ní láísẹ́ǹsì kọjá. Níbẹ̀ ni ẹni tó ń gbà á máa ti kọ fọ́ọ̀mù 4473, tí wọ́n á sì yẹ orúkọ rẹ̀ wò. Ní Maryland, bí ẹ̀yin méjèèjì tilẹ̀ jẹ́ ará ibẹ̀, ọ̀dọ̀ oníṣòwò tàbí ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ ni ìbọn ìléwọ́ gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Texas kò béèrè bẹ́ẹ̀ láàárín ará ìpínlẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ẹ san owó díẹ̀ fún ṣọ́ọ̀bù kan kó bá yín ṣe é.

“Ọmọ ìlú wa ni” kì í ṣe ìwé àṣẹ. Ìbátan tó wá kàwé pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́, tàbí tó wá kí yín pẹ̀lú físà àlejò, òfin kà á léèwọ̀ fún un láti ní ìbọn rárá, àfi àwọn àyè tóóró bíi ti ẹni tó ní láísẹ́ǹsì ọdẹ. Ẹni tó ní gíríìnì káàdì kò sí nínú ìyẹn. Bí ẹ bá mọ̀ pé òfin kò gba ẹnì kan láyè, tí ẹ sì fún un, ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún 15 wà fún ẹni tó fún un àti ẹni tó gbà á.

Ẹ má sì ronú pé ẹ ó kúkú fi í ránṣẹ́ sílé. Òfin ìbọn Nàìjíríà to ìbọn ìléwọ́ mọ́ àwọn ohun ìjà tó jẹ́ èèwọ̀, Amẹ́ríkà náà sì ń ṣọ́ bí ìbọn àti páàtì rẹ̀ ṣe ń jáde kúrò ní ilẹ̀ wọn. Ẹrù tí ẹ fi ìbọn sí láàárín aṣọ lè sọ ẹni tó lọ gbà á ní èbúté di ẹlẹ́wọ̀n, nígbà tí òun kò tilẹ̀ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Kí ẹ tó ra páàtì mìíràn, ẹ wo inú dúrọ́ọ̀, ẹ wo inú páálí tí ìbọn náà bá wá, ẹ sì bi ẹni tó tà á fún yín bó bá wà láàyè. Ọ̀pọ̀ àwọn tó yọ irin náà ló fi í pamọ́ sínú àpòòwé kékeré. Bí ẹ bá rí i, ẹ mú un lọ pẹ̀lú ìbọn, kí alágbẹ̀dẹ fúnra rẹ̀ wò ó bóyá ó ṣì ṣeé lò.