Ohun Tí Juno Ń Wá ní Júpítà

Lálẹ́ tí ojú sánmà bá mọ́ ní Shango, ní Minna, ẹ lè rí ohun kan tó ń tàn funfun tí kì í ṣẹ́jú bí ìràwọ̀ yòókù. Bó bá jẹ́ ìrọ̀lẹ́ tàbí ìdájí, ó lè jẹ́ Àgùàlà. Àmọ́ Àgùàlà kì í sí lójú sánmà wa lọ́gànjọ́ òru. Èyí tó bá ń tàn janjan lákòókò yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Júpítà.

Pílánẹ́ẹ̀tì ni Júpítà. Òun náà ń yí oòrùn po bí ayé wa. Bí ẹ bá to ayé mọ́kànlá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọn ò ju ìbú rẹ̀ lọ. Kò ní ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ lè tẹ̀. Gáàsì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2011, àjọ NASA ti Amẹ́ríkà rán ọkọ̀ kan lọ síbẹ̀, Juno lorúkọ rẹ̀. Ènìyàn kankan kò sí nínú rẹ̀. Oṣù Keje ọdún 2016 ló tó débẹ̀. Sólà ló ń lò, bíi tàwọn tó wà lórí òrùlé wa. Àmọ́ bí a bá pín oòrùn tó ń ràn sí wa sí ọ̀nà 25, ìpín kan péré ló ń dé Júpítà. Ìdí nìyẹn tí apá sólà rẹ̀ mẹ́ta fi gùn tó nǹkan bíi mítà mẹ́sàn-án níkọ̀ọ̀kan.

Kí ni wọ́n wá lọ? Lójú tèmi, omi ló ṣe kókó jù. Àwọn onímọ̀ gbà pé gáàsì tó ṣẹ́ kù nígbà tí oòrùn dá ni Júpítà ti jáde. Iye omi inú rẹ̀ lè jẹ́ ká mọ bó ṣe dá, àti bí omi ṣe tàn kálẹ̀ nígbà tí ayé wa náà ń dá. Lọ́dún 1995, ẹ̀rọ kan tí ọkọ̀ mìíràn tó ń jẹ́ Galileo jù sínú ìkùukùu Júpítà bá ibẹ̀ ní gbígbẹ, ó sì ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu. Juno ò wọnú ìkùukùu. Ìgbì rédíò tó ń ti abẹ́ rẹ̀ jáde ló ń gbọ́. Lọ́dún 2020, wọ́n kéde pé omi tó wà láàárín Júpítà, níbi tó ti fẹ̀ jù, pọ̀ dáadáa ju èyí tí Galileo rí lọ.

Wọ́n tún fẹ́ mọ̀ bóyá òkúta líle wà nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún. Bí Juno ti ń kọjá, agbára tí Júpítà fi ń fà á ń yí padà díẹ̀díẹ̀, ó sì ń hàn nínú rédíò tó ń fi ránṣẹ́ sílé. Ohun tí wọ́n rí ni pé nǹkan líle ibẹ̀ ti pò mọ́ gáàsì. Kò sí ààlà láàárín wọn.

Juno wọn agbára òòfà Júpítà pẹ̀lú, ó sì ya fọ́tò àwọn ìjì ńlá tó yí ara wọn ká lórí rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ní íntánẹ́ẹ̀tì lè gba fọ́tò kámẹ́rà rẹ̀, kó tún un ṣe bó ṣe wù ú, kó sì fi ránṣẹ́ padà sí wọn.