Bí Òwe Bí Òwe Là Ń Lù Ú

Bí òwe bí òwe là ń lu ìlù àgídìgbo. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìwé ìtàn tó gbádùn dá orin tí kò ní ọ̀rọ̀, kó fi òwe yìí sọ́kàn kó tó fọwọ́ kan gìtá. Àgídìgbo kì í ròyìn. Kì í sọ pé lágbájá jáde nílé, ó dé oríta, ó pàdé iwin. Ó kàn ń ta wá lólobó ni. Ẹni tó mọ ìdí ọ̀rọ̀ á rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹni tí kò mọ̀ á jó ijó tirẹ̀, kò sì sí èyí tó pàdánù nínú wọn.

Àwọn ọ̀dọ́ Ìfọ̀nyìn, ìlú tí ìwé ìjọba Bìnẹ̀ ń kọ ní Ifangni, ni mo ń bá wí. Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ yín nílé ìwé, Yorùbá lẹ ń sọ nílé, Gùn sì ń ta sí yín létí lọ́jà. Ìgólò tó jẹ́ ẹnubodè wà lábẹ́ yín, Ìdí-Ìrókò ló sì kọjú sí i láti apá Nàìjíríà, nítorí náà ìwé Fágúnwà, òǹkọ̀wé ìtàn ọdẹ àti iwin ní èdè Yorùbá, kò jìnnà sí ẹni tó bá ń wá a. Ẹlòmíì ní gìtá, ẹlòmíì ní dùùrù kékeré oníná, fóònù ọwọ́ sì lè gba ohùn sílẹ̀. Ohun tó wu ni ní í pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni. Bí o bá ti ka Fágúnwà títí tí àwọn iwin rẹ̀ fi ń bá ọ dé ojú oorun, orin ti bẹ̀rẹ̀ nínú rẹ nìyẹn, ọ̀nà tí yóò gbà jáde ló kù.

Ìwé Fágúnwà kì í ṣe ẹyọ kan. Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938, Igbó Olódùmarè àti Ìrèké Oníbùdó ní 1949, Ìrìnkèrindò nínú Igbó Elégbèje ní 1954, Àdììtú Olódùmarè ní 1961. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà ni pé wọ́n fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ sínú orin kan: ọdẹ méje, Àgbákò, ìlú àwọn ẹyẹ, Òkè Láńgbòdó, ilé Ìrágbèje olójúlé méje, gbogbo rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin! Ẹni tó bá lé eku méjì yóò pòfo. Mú ẹnì kan, tàbí ibì kan, kí o sì jókòó tì í.

Wo ohun tí Johan de Meij, ará ilẹ̀ Holland, ṣe. Ó fi ìwé Tolkien tí wọ́n ń pè ní The Lord of the Rings dá orin ńlá fún ẹgbẹ́ onífèrè, ó sì parí rẹ̀ ní 1987. Ìwé náà nípọn, apá mẹ́ta ni, síbẹ̀ ibi márùn-ún péré ni ọkùnrin yìí yàn nínú rẹ̀: Gandalf oṣó, igbó Lothlórien, Gollum, ìrìn inú òkùnkùn, àti àwọn Hobbit. Nígbà tó kan Gollum, sakisofóònù kékeré kan ló gbé ọ̀rọ̀ lé lọ́wọ́, òun náà sì ń ké, ó ń rákò, ó ń sá pamọ́. Ẹni tí kò ka ìwé náà rí á mọ̀ pé ẹ̀dá tí kò ṣeé finú hàn ló ń bọ̀. Ṣáájú rẹ̀, ní 1970, Bo Hansson ará Sweden ti fi dùùrù dá odidi àwo kan lórí ìwé yìí kan náà, kò sì sí ẹni tó kọrin nínú rẹ̀.

Ẹ̀yìn odi tún ti ya ilé wa wò. Ní 1981, Brian Eno àti David Byrne mú orúkọ ìwé Amos Tutùọlá, My Life in the Bush of Ghosts, wọ́n fi sọ àwo orin wọn. Àwọn fúnra wọn sọ pé àwọn kò tíì ka ìwé náà nígbà tí àwọn ń ṣe àwo ọ̀hún. Àwo yẹn dùn létí mi, n kò ní purọ́, ṣùgbọ́n orúkọ nìkan ni wọ́n yá. Ìwọ tí o ti kàwé, kí ni ìwọ fẹ́ yá orúkọ lásán ṣe?

Ibo ni orin wá ti ń bẹ̀rẹ̀? Nínú orúkọ gan-an. Jókòó sídìí dùùrù, yan ohùn mẹ́ta: dò, re, mí. Pe Ìmọ́dòye, ọlọ́gbọ́n àárín àwọn ọdẹ méje inú Ògbójú Ọdẹ, kí o sì tẹ̀ ẹ́ bí o ṣe pè é: dò mí dò re. Ó gòkè lójijì, ó bọ́ sílẹ̀, ó wá fìdí kalẹ̀ sí àárín, bí àgbà tó béèrè ọ̀rọ̀, tó ronú, tó wá dájọ́. Pe Olóhùn-iyọ̀ tó jẹ́ olórin wọn: re mí dò re dò. O ti ní orin kékeré méjì lọ́wọ́, o kò sì tíì ṣe ju pé o pe èèyàn lórúkọ lọ.

Èyí tó wú mi lórí jù ni ti bàbá àti ọmọ. Àkàrà-ògùn tó sọ ìtàn Igbó Irúnmalẹ̀ ló tún sọ ìtàn bàbá rẹ̀, Olówó-ayé, nínú Igbó Olódùmarè. Tẹ orúkọ bàbá: re mí mí re mí. Kò fẹsẹ̀ kan dò rárá. Tẹ orúkọ ọmọ bí a ṣe ń pè é: dò dò dò dò dò. Kò kúrò nílẹ̀ rárá. Bóyá Fágúnwà mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é o, bóyá kò mọ̀ọ́mọ̀, ẹ̀bùn ọ̀fẹ́ ni fún olórin. Jẹ́ kí ìlù ńlá kan máa lu ohùn ọmọ nísàlẹ̀ láìyẹsẹ̀, kí gìtá máa ta ohùn bàbá lókè rẹ̀. Ìwé méjì ti pàdé nínú orin kan nìyẹn, ẹnikẹ́ni kò sì lanu.

Ìkìlọ̀ kan wà níbẹ̀. Ohùn Yorùbá kì í jókòó gbọnin bí eyín dùùrù. Bí ohùn òkè bá fẹ́ bọ́ sí ìsàlẹ̀, yíyọ̀ ló ń yọ̀ wálẹ̀. Onídùndún á fún ọsán ìlù rẹ̀, á tú u sílẹ̀. Onígìtá á fi ìka fa okùn. Oní-dùùrù kò ní irú rẹ̀ àfi bí tirẹ̀ bá ní àgbá kékeré tí wọ́n fi ń tẹ ohùn. Nítorí náà, gbé ohùn tó ń yọ̀ fún gìtá, kí o fi èyí tó dúró ṣinṣin sílẹ̀ fún dùùrù. Akin Euba, olórin ọmọ Nàìjíríà tó dolóògbé ní 2020, fi ọ̀pọ̀ ọdún wá bí dùùrù yóò ṣe máa hùwà bí ìlù. Wá iṣẹ́ rẹ̀ gbọ́.

Ọ̀ràn mìíràn tún wà tí kò kan Hansson àti de Meij, àwa ló kàn. Ìlù wa ń sọ̀rọ̀. Bí o bá fi ìyáàlù lu Àgbákò, abàmì olójú mẹ́rìndínlógún, dò mí dò ni yóò dún. Dò mí dò náà ni Ìyábọ̀. Kí ó má lọ jẹ́ pé níbi tí o ti fẹ́ kí ẹ̀rù ba àwọn èèyàn, ìyá kan á dáhùn lẹ́yìn pé, “Ta ló ń pè mí?” Tètè pinnu: ṣé o fẹ́ kí ìlù sọ̀rọ̀ ni, àbí kó kàn kọrin? Bí yóò bá sọ̀rọ̀, jẹ́ kó sọ ọ́ pẹ́ tó kí ó yé ni, Àgbákò pẹ̀lú oríkì tí ìwọ fúnra rẹ dá fún un. Bí kò bá ní sọ̀rọ̀, kó orúkọ fún fèrè tàbí gìtá, kí ìlù di ẹsẹ̀ orin mú.

Ẹni tó bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Kí o tó máa wá ìlù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn onílù Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wà ní Kétu, wọ́n wà ní Sákẹ́tẹ́. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí UNESCO kéde ní 2001, tí wọ́n sì kọ sínú ìwé àjogúnbá aráyé ní 2008, ẹ̀yìnkùlé yín ló wà. Lọ bá wọn, kí wọn, ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe fún àgbà, kí o sì béèrè èyí tí ó ṣeé mú lọ. Kì í ṣe gbogbo ìlù ló wà fún àwo orin. Èyí tó jẹ́ ti Orò, má tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀ fún wọn.

Bí ìlù bá dún àdúnjù, yíya ní í ya. Bí àwọn ọ̀dọ́ bá dé ibi iwin, gbogbo ohun tó wà nílé ni wọ́n máa ń lù lẹ́ẹ̀kan náà. Ariwo kọ́ ni ẹ̀rù. Gbìyànjú èyí wò: kí agogo máa dún lọ, kí fèrè dákẹ́, kí gìtá dákẹ́, kí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ dákẹ́, kí agogo náà wá dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni kí ìlù ńlá pe orúkọ iwin náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ibi tí o ti lè tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ wà nínú The Palm-Wine Drinkard ti Tutùọlá, tó jáde ní 1952, tí Raymond Queneau sì tú sí Faransé ní 1953. Àwọn ẹ̀dá mẹ́ta kan wà níbẹ̀ tí orúkọ wọn ń jẹ́ Ìlù, Orin àti Ijó. Nígbà tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, òkú tó ti kú láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún dìde wá wòran. Kí o tó dán ìyẹn wò, gbọ́ Gangbé Brass Band, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Kútọnu ní 1994, kí o rí bí fèrè onídẹ ṣe ń bá ìlù ilẹ̀ wa rìn.

Bí o bá parí, wá ẹni tí kò ka ìwé náà, má sọ orúkọ orin fún un, jẹ́ kó gbọ́. Bó bá ní kí o tún un ta, ó ti dára. Bó bá jẹ́ pé àlàyé rẹ ló dùn mọ́ ọn ju orin lọ, padà sídìí iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ òfin kò gùn. Fágúnwà kú ní December 1963, Tutùọlá ní 1997, òfin Nàìjíríà sì fún ajogún òǹkọ̀wé ní ẹ̀tọ́ fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìlù àti fèrè nìkan lo fi ṣe é, ọkàn rẹ balẹ̀ dáadáa. Bí o bá fẹ́ ka gbólóhùn kan sínú rẹ̀, gba àṣẹ. Orin tìrẹ náà ní ẹ̀tọ́: ọ́fíìsì BUBEDRA tó ń rí sí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà ní Kútọnu ni wọ́n ti ń forúkọ irú rẹ̀ sílẹ̀, kí o sì ṣe é kí ó tó dé orí fóònù àwọn èèyàn.

Àdììtú Olódùmarè ti Fágúnwà ni kí o fi dá orin ìkẹyìn. Ọmọ tálákà ló wà níbẹ̀, àti lẹ́tà ìfẹ́ sí Iyùn-adé. Orúkọ iwin àti ìlù ńlá tí o ti mọ̀ lò nínú igbó kò ní tó fún un. Gìtá kan ṣoṣo lè tó.