Báwo Ni Rédà Ṣe Ń Mọ Ibi Tí Ìbọn Àgbá Fara Pamọ́ Sí?

Ẹ jẹ́ ká fi òkò bẹ̀rẹ̀. Ọmọ kan ń sọ òkò sí máńgòrò lẹ́yìn fẹ́ǹsì. Òkò yẹn tàsé, ó ré fẹ́ǹsì kọjá, ó sì balẹ̀ gbàà! lórí páànù ìyá kan ládùúgbò. Ìyá sáré jáde, kò rí ẹnì kankan. Àmọ́ ká ní ó ti ń wo òkè nígbà tí òkò náà ń bọ̀, ṣé kò ní mọ ẹ̀yìn fẹ́ǹsì tó ti wá? Á mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọmọ lè sá pamọ́ o, ṣùgbọ́n òkò tó ti kúrò lọ́wọ́ ẹ̀ kò lè sá pamọ́ mọ́.

Ọgbọ́n tí rédà fi ń wá ìbọn àgbá ọ̀tá nìyẹn. Ìbọn lè wà lẹ́yìn òkè ní kìlómítà 15 sí ibi tó ń yìn sí. Kò sójú tó lè rí i. Ọta ẹ̀ ni rédà ń wò, kì í ṣe ìbọn fúnra ẹ̀.

Kí rédà tó dé, etí ni wọ́n ń lò

Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, William Lawrence Bragg, tó gba Ẹ̀bùn Nobel nínú físíìsì lọ́dún 1915 nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 25 péré, bá àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n to maikirofóònù káàkiri. Ìró ìbọn á dé ọ̀kan kó tó dé èkejì, ìyàtọ̀ àkókò yẹn ni wọ́n sì fi ń ṣírò ibi tí ìbọn wà. Ọgbọ́n gidi ni, àmọ́ ìró kì í yára: nǹkan bíi mítà 340 ló ń rìn láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ìbọn púpọ̀ bá sì ń dún lẹ́ẹ̀kan náà, ariwo á da ariwo rú.

Rédà ń ké, ó sì ń tẹ́tí

Rédà máa ń rán ìgbì rédíò jáde. Tí ìgbì náà bá kọ lu irin tó ń fò lójú ọ̀run, díẹ̀ nínú ẹ̀ á ta padà wá. Eré ìmọ́lẹ̀ ni ìgbì yìí ń sá, ìyẹn kìlómítà 300,000 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ jẹ́ ká pín ìṣẹ́jú-àáyá kan sọ́nà 10,000. Tí ìgbì bá lọ tó sì bọ̀ láàárín ìdá kan ṣoṣo nínú ẹ̀, ó ti rin kìlómítà 30 lálọ àtàbọ̀. Ìyẹn ni pé kìlómítà 15 ni ọta yẹn wà sí wa.

Ẹ wo rédà Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ AN/TPQ-36, tí wọ́n tún ń pè ní Firefinder. Kọ̀ǹpútà ló ń darí ìgbì ẹ̀ lọ sọ́tùn-ún sósì kíákíá, títí á fi dà bí ògiri tí ojú kò lè rí. Ọta tó bá la ògiri yìí kọjá, ọwọ́ ti bà á nìyẹn. Rédà á tẹ̀lé e fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, á máa kọ ibi tó wà sílẹ̀. Ó lè rí rọ́kẹ́ẹ̀tì láti nǹkan bíi kìlómítà 24. Tó bá jẹ́ ẹyẹ ńkọ́? Ẹyẹ ń rọra fò, ó sì lè ṣẹ́rí padà nígbà tó bá wù ú. Ọta kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ mú bírò, ká ṣírò padà sẹ́yìn

Tí ọta mọ́tà bá ti kúrò lẹ́nu ìbọn, nǹkan méjì ló kù tó ń darí ẹ̀: òòfà ilẹ̀ tó ń fà á wálẹ̀, àti afẹ́fẹ́ tó ń dín eré ẹ̀ kù. Ọ̀nà ẹ̀ á wá tẹ̀ bí òṣùmàrè. Ẹni tó bá rí díẹ̀ nínú òṣùmàrè náà lè ya ìyókù.

Ká gbàgbé afẹ́fẹ́ ná. Ká sọ pé òòfà ilẹ̀ ń yọ 10 kúrò nínú eré ìgòkè ẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Rédà rí ọta kan tó ga ní mítà 495 sílẹ̀. Ó ṣì ń gòkè ní mítà 150 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó sì ń lọ síwájú ní mítà 100.

Ìṣẹ́jú-àáyá kan sẹ́yìn, 160 ni eré ìgòkè ẹ̀. Méjì sẹ́yìn, 170. Mẹ́ta sẹ́yìn, 180. Agbedeméjì 150 àti 180 ni 165. Ẹ fi 165 lọ́nà 3: ó di 495. Gíga ẹ̀ gan-an nìyẹn! Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta sẹ́yìn ló kúrò nílẹ̀. Láàárín àkókò yẹn, ó ti lọ síwájú ní mítà 300. Torí náà, mítà 300 sẹ́yìn ni mọ́tà yẹn wà.

Ẹ dán tiyín wò: gíga 640, eré ìgòkè 140, eré síwájú 80. Tí ẹ bá rí mítà 320, ẹ ti gbà á.

Kọ̀ǹpútà rédà á tún ka afẹ́fẹ́ mọ́ ọn, á sì wo máàpù, torí bí ìbọn bá wà lórí òkè, ìdáhùn á yí padà. Ìṣirò kan náà, tí wọ́n bá ṣe é síwájú, á sọ ibi tí ọta máa balẹ̀, kí àwọn tó wà níbẹ̀ lè tètè sá sábẹ́ ààbò.

Ọdẹ lè di ẹran

Ìṣòro kan wà: ẹni tó ń ké nínú òkùnkùn, gbogbo ayé ló ń gbọ́ ohùn ẹ̀. Ọ̀tá tó bá ní ẹ̀rọ tó ń gba ìgbì lè mọ ibi tí rédà wà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń gbé e sórí ọkọ̀. Zoopark-1 ti Rọ́ṣíà ń gun ọkọ̀ oníṣẹ́ẹ̀nì, tírélà ni wọ́n fi ń fa Firefinder. Wọ́n á tàn án fúngbà díẹ̀, wọ́n á pa á, wọ́n á sì kó lọ. Nínú ogun Ukraine, ìhà méjèèjì ló ń dọdẹ rédà ara wọn.

Ohun tí rédà kò lè sọ

Ní August 28, 1995, ọta mọ́tà kan balẹ̀ lẹ́bàá ọjà Markale ní Sarajevo, ó sì pa ọ̀pọ̀ èèyàn tó wá ra oúnjẹ. Àwọn ọmọ ogun Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní irú rédà yìí níbẹ̀, Cymbeline ti Gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ kò rí ọta náà. Ihò tí ọta náà dá sílẹ̀ ni àwọn olùwádìí wá ń wọ̀n. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni kóòtù ní The Hague tó sọ pé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ogun Serb ti Bosnia ló ti wá.

Àwọn àgbà ní ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹ̀ ló máa bá. Rédà lè fi ìka tọ́ka síbi tí òkò ti wá kí òkò tó balẹ̀ pàápàá. Àmọ́ àmì lórí máàpù lásán ni. Kò ní sọ fún ṣọ́jà bóyá ilé ìwé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn yẹn, tàbí bóyá ẹni tó yìn ín ti sá lọ, tó wá ku àwọn ará abúlé nìkan. Èèyàn ló gbọ́dọ̀ bi ara ẹ̀ ní ìbéèrè yẹn kó tó sọ òkò tiẹ̀ padà.