Títún Alùpùpù Ìrìn Jíjìn Ṣe

Ẹ̀kọ́ yìí wà fún ẹni tó ń gun alùpùpù lọ sí ọ̀nà jíjìn, àti ẹni tó ń fi owó pamọ́ láti ra ọ̀kan. Bí owó àjọ bá bọ́ sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, ó lè fẹ́ tún ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe, kó lágbára, kó sì wu ojú rí. Ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n níbo ni kó ti bẹ̀rẹ̀? Ọ̀pọ̀ a máa bẹ̀rẹ̀ láti orí eré àti ariwo. Àwa ní tiwa ń sọ pé: ẹ kọ́kọ́ tún ohun tó ń dá a dúró ṣe, kí ẹ tó tún ohun tó ń mú un sáré ṣe. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

1. Irú alùpùpù wo ni?

Alùpùpù ìrìn jíjìn ga nílẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ gùn. Ó lè gba títì ọlọ́dà, ó lè gba ọ̀nà eléruku, ó sì lè ru ẹrù. Ní 2022, ọmọ Nàìjíríà kan, Kúnlé Adéyanjú, gun alùpùpù láti London wá sí Èkó. Ọjọ́ 41 ló fi rìn ín. Ó fi ìrìn náà wá owó láti gbógun ti àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Irú ìrìn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti eré nìkan. Ẹ̀rọ tí yóò rìn ín gbọ́dọ̀ lè fara dà á.

Ẹ wo bí àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ pàápàá ṣe ń tún tiwọn ṣe. Ní 2013 ni Honda CB500X jáde. Táyà iwájú rẹ̀ nígbà náà jẹ́ ínṣì 17. Ní 2019 wọ́n sọ ọ́ di ínṣì 19, wọ́n sì jẹ́ kí ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ gùn sí i. Ní 2022 wọ́n fi àwo bíréèkì méjì sí iwájú, níbi tí ẹyọ kan wà tẹ́lẹ̀. Láti 2024 wọ́n ń pè é ní NX500. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò kúrò ní 471 cc. Táyà, ṣọ́ọ̀kì àti bíréèkì ni wọ́n ń tún ṣe. Ẹ̀kọ́ ńlá nìyẹn.

2. Ẹ ka táyà yín

Ẹni tó ti mọ̀wé kà kò gbọdọ̀ ra táyà láìkà á. Bí ẹ bá rí 110/80 R 19 lára rẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ nìyí. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 110. Gíga rẹ̀ jẹ́ ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ yẹn, èyí ni mìlímítà 88. Ríìmù tó bá a mu ni ti ínṣì 19.

Ẹ tún wá nọ́ńbà mẹ́rin tó dúró pọ̀ ní ìparí àmì DOT. Bí ó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe táyà náà. Táyà lè dán bí ẹni pé tuntun ni, kó sì ti gbó nínú ṣọ́ọ̀bù. Bí ọfà bá wà lára rẹ̀, ibi tí táyà ń yí sí ni kí ọfà náà kọjú sí.

Kí ló dé tí táyà ńlá fi dára fún ọ̀nà burúkú? Ẹ ronú kan ọmọlanke àti kẹ̀kẹ́ ológeere. Táyà kékeré ti ọmọlanke a ré sínú kòtò. Ti kẹ̀kẹ́ ológeere a gorí rẹ̀ kọjá.

3. Bíréèkì

Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ibi tí bíréèkì yóò ti dá ẹ̀rọ dúró a di ìlọ́po mẹ́rin. Bí ó bá gba mítà 10 lórí eré 40, yóò gba mítà 40 lórí eré 80. Nítorí náà, ẹni tó fi eré kún ẹ̀rọ tí kò tún bíréèkì ṣe, ọmọ tó ń sọdá títì ló ń fi wewu.

Bíréèkì iwájú ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù, nítorí pé ìwúwo a máa wá síwájú bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́. Omi bíréèkì a máa fa omi lásán mọ́ra bó ṣe ń pẹ́. Ẹ yẹ ìwé tó bá ẹ̀rọ wá wò kí ẹ mọ ìgbà tó yẹ kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

4. Ẹrù

Ẹrù tó wúwo, ìsàlẹ̀ ni kó wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, kí ọ̀tún àti òsì dọ́gba. Bí gbogbo ẹrù bá wà lẹ́yìn pátápátá, iwájú a fúyẹ́, ọwọ́ alùpùpù a sì máa gbọ̀n. Irin ìdáàbòbò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì náà wúlò. Bí ẹ̀rọ bá ṣubú, irin yẹn ni yóò kọ́kọ́ kanlẹ̀.

5. Agbára

Ó wá kan agbára wàyí. Ṣéènì ń fa àgbá eléyín méjì, kékeré níwájú, ńlá lẹ́yìn. Bí ti iwájú bá ní eyín 15, tí ti ẹ̀yìn ní 45, iwájú a yí ní ẹ̀ẹ̀mẹta kí ẹ̀yìn tó yí ní ẹ̀ẹ̀kan. Bí a bá fi eyín 14 síwájú, yóò lé ní ẹ̀ẹ̀mẹta díẹ̀. Ẹ̀rọ a wá máa gun òkè dáadáa pẹ̀lú ẹrù. Ṣùgbọ́n eré rẹ̀ a dínkù, ẹ́ńjìnnì a sì máa ké jù lórí títì. Kò sí èyí tí a lè gbà láìfi nǹkan kan sílẹ̀.

Yíyọ inú sáléńsà kúrò, ariwo ló ń mú wá. Ariwo kì í ṣe agbára.

6. Ẹwà

Àwọn àgbà ní ìwà lẹwà. Kí ẹ fi iná kún iná dára, ṣùgbọ́n ẹ ṣírò rẹ̀ ná. Gílóòbù méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáàtì 35, wáàtì 70 ni. Bí iná tó ṣẹ́kù lára ẹ̀rọ kò bá ju 50 lọ, bátìrì yóò kú sí yín lọ́wọ́ lóru. Ẹ kun ọ̀dà, ẹ tún àga rán, ẹ lẹ àmì tó ń tan ìmọ́lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Ẹni tó bá fẹ́ rà á lọ́wọ́ yín lọ́la, ṣéènì àti táyà ni yóò kọ́kọ́ tẹjú mọ́ bí ó bá gbọ́n. Ẹ má sì gbàgbé akoto, tiyín àti ti ẹni tẹ́ ẹ gbé.

Ìbéèrè

1. Ka nọ́ńbà DOT táyà rẹ. Ọdún wo ni wọ́n ṣe é?
2. Bí ẹ̀rọ kan bá dúró láàárín mítà 8 lórí eré 30, mítà mélòó ni yóò gbà lórí eré 60?
3. Bí owó rẹ bá tó fún ohun kan ṣoṣo, bíréèkì tàbí iná ẹ̀ṣọ́, èwo ni wàá mú? Sọ ìdí rẹ̀ fún ẹni tó jókòó tì ọ́.