Ẹ Má Wo Orúkọ Kòkòrò Nìkan

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní láàbù ilé ìwòsàn, orúkọ kòkòrò ló máa ń dùn mọ́ yín jù. Ẹ ó gbé àwo jáde láàárọ̀, ẹ ó kọ Klebsiella, ẹ ó to oògùn tí apá rẹ̀ ká a àti èyí tí apá rẹ̀ kò ká a, ó parí. Lọ́jọ́ kejì, Enterobacter jáde lára aláìsàn mìíràn nínú wọ́ọ̀dù kan náà, àwọn oògùn kan náà ni kò rí i gbé ṣe, ẹ ó sì kọ èsì rẹ̀ bí ẹni pé kò sóhun tó pa á pọ̀ mọ́ ti àná. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ bá yín wí.

Jíìnì tó ń jẹ́ kí kòkòrò borí oògùn kì í sábà jókòó sójú kan. Púpọ̀ nínú wọn wà lórí plasmid, ìyẹn DNA kékeré tó yí róbótó, tó dá wà lọ́tọ̀ sí DNA ńlá tí kòkòrò fi ń gbé ayé rẹ̀. Bí bakitéríà méjì bá fara kanra, ọ̀kan lè ṣe ẹ̀dà plasmid rẹ̀ kó sì tì í sínú ìkejì, tirẹ̀ kò sì ní kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Kò pọn dandan kí wọ́n jẹ́ ẹ̀yà kan náà. Bí ẹ bá rí èèyàn mẹ́ta láti agboolé mẹ́ta nínú aṣọ ẹbí kan náà, ẹ kò ní béèrè orúkọ bàbá wọn kí ẹ tó mọ̀ pé òde kan ni wọ́n ti ń bọ̀. Ojú yẹn ni kí ẹ máa fi ka ìwé èsì.

Jàpáánù ni ọ̀rọ̀ yìí ti kọ́kọ́ hàn kedere. Láàárín ọdún 1950 sí 1960, Shigella tó ń fa ìgbẹ́ ọ̀rìn níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í borí oògùn mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà: sulfa, streptomycin, chloramphenicol àti tetracycline. Ní 1959, àwọn onímọ̀ ibẹ̀, Ochiai àti Akiba, fi hàn pé bí a bá da E. coli tó borí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ mọ́ Shigella tí oògùn ṣì ń pa, Shigella náà á gba gbogbo rẹ̀. Ẹ ro ohun tí èyí túmọ̀ sí fún dókítà: bó ṣe tetracycline nìkan ló lò, ó ń tọ́jú jíìnì tó ń borí mẹ́ta yòókù.

Ẹrù yìí kò sì mọ sí wọ́ọ̀dù. Àwọn onímọ̀ Okeke, Fayinka àti Lamikanra yẹ E. coli inú ìgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wò nílẹ̀ wa Nàìjíríà níbí láti 1986 sí 1998. Èyí tó borí ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú tetracycline, ampicillin, chloramphenicol àti streptomycin wà láàárín ìdá 9 sí 35 nínú ọgọ́rùn-ún ní 1986. Nígbà tó di 1998, ó ti tó 56 sí 100. Ara àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyẹn sì le koko.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fojú sí jù ni síǹkì. Ilé ìwòsàn Yunifásítì Virginia ní Amẹ́ríkà ti ń bá KPC, jíìnì tó ń borí carbapenem, wọ̀yá ìjà láti 2007, oríṣi bakitéríà tó sì gbé e níbẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Àwọn onímọ̀ ibẹ̀ kọ́ síǹkì tó jọ ti wọ́ọ̀dù, wọ́n fi E. coli sínú páìpù títẹ̀ abẹ́ rẹ̀ níbi tí omi ń dúró sí, wọ́n ń fún un lóúnjẹ. Èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2017 ni pé kòkòrò náà ń gun ògiri páìpù bọ̀ lókè ní nǹkan bí íńṣì kan lóòjọ́. Ìgbà tó dé ẹnu ihò síǹkì ni omi ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í ta á sí àyíká. Ẹ wá wo ohun tí wọ́n ń dà sí síǹkì tí nọ́ọ̀sì fi ń fọwọ́ ní wọ́ọ̀dù yín: tíì àjẹkù, ìyókù dúrípù, omi ẹ̀kọ. Oúnjẹ ni gbogbo rẹ̀. Ẹ sọ fún wọn. Nọ́ọ̀sì àgbà lè fajú ro. Ẹ kúnlẹ̀ kí i, kí ẹ sì tún un sọ.

Ti inú láàbù kò gùn. Rúlà ni kí ẹ fi wọn àyíká díísìkì oògùn tí kòkòrò kò ti hù, ojú lásán kò tó. Fíríìjì tí iná ń lọ tó ń bọ̀ lè ba díísìkì jẹ́, bí E. coli ATCC 25922 tí ẹ fi ń dán an wò kò bá ṣe déédéé, ẹ da èsì ọjọ́ yẹn nù, ì báà ṣe ọ̀gá dókítà ló dúró ti yín lẹ́nu ọ̀nà. Kòkòrò tí oògùn púpọ̀ kò rí gbé ṣe, ẹ má sè é dànù. Ẹ fi sí fírísà pẹ̀lú ọjọ́, wọ́ọ̀dù àti nọ́ńbà bẹ́ẹ̀dì, torí ẹni tó bá fẹ́ ka DNA rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú kò lè ka ohun tí kò sí mọ́.

Bí oríṣi kòkòrò méjì bá sì borí oògùn kan náà ní wọ́ọ̀dù kan láàárín ọ̀sẹ̀ kan, mo bẹ̀ yín, ẹ má dúró de ẹ̀kẹta. Ẹ pe àwọn tó ń mójú tó ìdènà àkóràn lọ́jọ́ náà gan-an.