Bí Wọ́n Ṣe Ń Wọn Òjé Inú Ewé Àgbo

Ẹ gbé ìdì ewúro méjì síwájú ìyá elewé ọmọ. Ọ̀kan wá láti oko, wọ́n já èkejì lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún bátìrì mọ́tò ṣe. Bó ti wù kí ìyá náà mọ ewé tó, kò lè fi ojú mọ èyí tó ní òjé. Àwọ̀ wọn kò yàtọ̀, wọ́n sì korò bákan náà. Ẹ̀rọ nìkan ló lè sọ fún wa.

Òjé, kádímíọ̀mù, mákúrì àti àsẹ́níìkì wà lára ohun tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní irin wíwúwo. Òjé a máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, kádímíọ̀mù a máa ba kíndìnrín jẹ́. Ní ìpínlẹ̀ Zamfara lọ́dún 2010, eruku òjé láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta wúrà pa ọmọdé tó ju 400 lọ. Ewé kọ́ ló gbé òjé yẹn wá o, àmọ́ a ti rí bó ṣe burú tó.

Gbòǹgbò lè fa òjé láti inú ilẹ̀. Eruku náà lè gbé e bà lé ewé. Òjé kì í jẹrà, ibi tó bá dà sí ló ń wà.

Ní yàrá àyẹ̀wò, wọ́n á pín ewé sí méjì, wọ́n á fọ apá kan, wọn ò ní fọ èkejì. Ìgbésẹ̀ yìí ni mo kà sí jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan máa ń fò ó. Bí òjé bá pọ̀ lára èyí tí wọn ò fọ̀, tó sì kéré lára èyí tí wọ́n fọ̀, eruku ló gbé e wá. Bí méjèèjì bá dọ́gba, inú ewé gan-an ló wà, omi kò sì lè fọ̀ ọ́ kúrò.

Wọ́n á wá mú kí ewé gbẹ dáadáa, wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n á wọn gíráàmù kan. Wọ́n á da ásíìdì nítíríkì lé e, wọ́n á gbé e kaná títí ewé á fi yòrò, tí omi rẹ̀ á mọ́ gaara. Wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á fi omi kún un dé mílílítà 50.

Ẹ̀rọ á fọ́n omi yìí sínú iná. Fìtílà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná náà, irú ìmọ́lẹ̀ tí òjé máa ń gbà mọ́ra ló ń tàn. Bí òjé bá ṣe pọ̀ tó ni ìmọ́lẹ̀ tó kọjá sí òdì kejì á ṣe dín kù tó. Ká ní ẹ̀rọ ka mílígíráàmù 0.3 nínú lítà kan. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 50, nítorí mílílítà 50 la fi po gíráàmù ewé kan. Ó di 15. Mílígíráàmù òjé 15 ló wà nínú kílò ewé gbígbẹ kan nìyẹn. Àjọ Ìlera Àgbáyé dábàá pé kó má ju 10 lọ, kí kádímíọ̀mù má sì ju 0.3 lọ. Ewé yìí kò yẹ ní mímu.

Wọ́n tún gbọ́dọ̀ gbé ìgò ásíìdì kan tí kò ní ewé gba ọ̀nà kan náà kọjá. Bí ẹ̀rọ bá rí òjé níbẹ̀, ara ìgò tàbí inú ásíìdì ló ti wá. Ilé iṣẹ́ NIST ti ìjọba Amẹ́ríkà sì ṣe ìyẹ̀fun ewé tòmátì kan tí wọ́n fi ń dán ẹ̀rọ wò, kádímíọ̀mù inú rẹ̀ tó nǹkan bí mílígíráàmù 1.5 nínú kílò kan. Ẹ̀rọ tó bá ka èyí sí 4, ẹ má gba ohun tó sọ nípa ewúro yín gbọ́.

Síse kì í pa òjé. Nínú àgbo, díẹ̀ á bọ́ sómi, ìyókù á bá ṣàǹtí lọ. Àgúnmu ló le jù, torí pé gbogbo rẹ̀ la ń gbé mì.

Nítorí náà, ẹ bi ìyá elewé pé ibo ló ti já ewé kí ẹ tó rà á. Ẹ má já ewé ní ààtàn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ńlá tàbí nítòsí ibi tí wọ́n ti ń yọ́ bátìrì. Ẹ̀yin tí ẹ ń gún àgúnmu tà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò kí ẹ tó dì í sínú ọ̀rá.